Àpótí Mẹ́fà Ambrose

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan nínú oṣù Kẹsàn-án, Kúbúrá Àbúdùlàhí kírun lórí àga rọ́bà fún ìgbà àkọ́kọ́. Ẹni ọdún mọ́kànlélógójì ni. Márùn-ún ni àwọn obìnrin tó lo àga lẹ́yìn mọ́sálásí lọ́jọ́ náà: arúgbó mẹ́rin tí eyín ti tán lẹ́nu wọn, àti òun. Nígbà tí àwọn yòókù forí kanlẹ̀, ó tẹ orí ba lórí àga, ojú rẹ̀ sì ń wo àtẹ́lẹsẹ̀ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó tò lọ rẹrẹẹrẹ níwájú rẹ̀. Lójú tirẹ̀, ó dà bí ìgbà tí ènìyàn dúró lójú fèrèsé tó ń kí àgbà tó wà níta. Ìkíni ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò pè é ní ìkíni ọmọ tó gbẹ̀kọ́.

Orúnkún ló gbé e débẹ̀. Ó ti lé ní ogún ọdún tó ti ń ránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́bàá Ọjà Ọba ní Ọ̀wọ̀. Láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ìdí rẹ̀ kì í kúrò lórí àga. Iyán ọ̀sán ń bá a níbẹ̀. Ara ń pọ̀ sí i, itan ń dẹ̀ sí i, ó sì ń pe gbogbo rẹ̀ ní àlàáfíà. Ìgbà tó di pé kò lè kúnlẹ̀ mọ́ láti fi abẹ́rẹ́ mú ìṣẹ́tí aṣọ oníbàárà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í ní kí àwọn oníbàárà gun orí tábìlì. Àwọn kan gùn ún, wọ́n rẹ́rìn-ín. Fúnmiọlá, tó ń ṣiṣẹ́ ní sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀, wo tábìlì náà, ó wo ara rẹ̀, ó ní, "Ìyá Tahir, bí tábìlì yìí bá wó, ta ni yóò rán aṣọ òkú mi?"

Lọ́jọ́ tí ó lọ kí ìyá ọkọ rẹ̀ ní Ìpele, ó bẹ̀rẹ̀ díẹ̀, ó di ẹnu ọ̀nà mú.  Ìyá àgbà náà kọ́kọ́ bu omi mu ná, ó gbé ife kalẹ̀, ó wá ní, "Kúbúrá, ṣé mo ti di ẹgbẹ́ rẹ ni?"

Kúbúrá lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà gbé fọ́tò egungun rẹ̀ sókè síwájú iná. "Egungun yín kò tíì bàjẹ́, Mọ́mì. Iṣan tó yẹ kó gbé e dúró ni kò sí mọ́. Ẹ lọ wá jíìmù kan wọ̀, kí ẹ mú itan yín le. Bí ẹ bá tún jókòó bẹ́ẹ̀ fún ọdún méjì, igi ni ẹ ó máa fi rìn." Kúbúrá kò gbọ́ ọ̀rọ̀ igi náà dáadáa. Ohun tó ń kà lọ́kàn ni oṣù. Ó ku oṣù márùn-ún kí ààwẹ̀ Rámàdáánì wọlé. Ó pinnu níbẹ̀ pé òun kò ní fi àga gba ààwẹ̀ náà. Ó fẹ́ kí iwájú orí òun kan ilẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́ títí dé ọjọ́ tí wọ́n bá rí oṣù. Kò sọ èyí fún ẹnikẹ́ni ju Yahya ọkọ rẹ̀ lọ.

Yahya ń kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ láti Ìjàgbà wá sí Ọ̀wọ̀. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ jíìmù, ó gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Ìyá Tahir, ṣé ìjàkadì lo fẹ́ lọ jà ni?"

"Orúnkún mi ni mo fẹ́ lọ tọ́jú, Bàbá Tahir."

"Máṣíìnì tí o ń fẹsẹ̀ tẹ̀ látàárọ̀, ṣé kì í ṣe jíìmù ni?"

"Bó bá jẹ́ jíìmù ni, ẹsẹ̀ mi ìbá ti le ju irin lọ. Ẹ jẹun yín."

Ibi mẹ́ta ni wọ́n júwe fún un. Èyí àkọ́kọ́ kò ju pápá ilé-ìwé kan lọ, níbi tí àwọn olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba ti máa ń péjọ láàárọ̀ Sátidé, tí wọ́n ń fò sókè bí ẹni tí ìjàlọ wọ̀ láṣọ. Kúbúrá fò lẹ́ẹ̀mẹta. Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, orúnkún òsì rẹ̀ dún bí igi gbígbẹ. Ó lọ jókòó sábẹ́ igi máńgòrò títí wọ́n fi ṣe tán, ó sì mú ibẹ̀ kúrò lọ́kàn.

Èkejì wà lójú ọ̀nà Ùsò, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù àwọn wẹ́dà. Kò ní orúkọ, kò ní dígí. Àwọn irin tí wọ́n ń gbé níbẹ̀, àwọn wẹ́dà ló fi àgbá kẹ̀kẹ́ lọ́rì àtijọ́ ṣe wọ́n, àwọn mìíràn sì jẹ́ agolo mílíìkì tí wọ́n rọ sìmẹ́ǹtì kún. Ambrose ló ni ibẹ̀. Ìjọ Àgùdà ni ó ń lọ, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni, ilé ìwòsàn ni ó sì ti ṣiṣẹ́ títí tó fi fẹ̀yìntì: òun ni ó máa ń kọ́ àwọn tí àrùn rọpárọsẹ̀ bá mú bí wọ́n ṣe ń rìn padà. Nígbà tí Kúbúrá wọlé, ẹ̀pà ni ó ń pa lórí ìjókòó gígùn kan. Kò gbójú sókè.

"Ẹ káàsán, sà."

"Káàsán, ìyàwó. Ti òsì ló le jù, àbí?"

"Èmi ò tíì sọ nǹkan kan, sà."

"Mo ti gbọ́ bí o ṣe ń fi ẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ bọ̀ láti títì."

Ó fi ẹnu tọ́ka sí àpótí ìjókòó mẹ́fà tí wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Àwọn wẹ́dà ló fi irin ṣe ẹsẹ̀ wọn. Èyí tó ga jù tó ìdí ènìyàn, wọ́n sì ń kéré sí i títí dé orí èyí tó kẹ́yìn, tí kò ga ju àtẹ́lẹwọ́ kan lọ. Ó ní, "Jókòó sí ti àkọ́kọ́. Dìde. Má di nǹkan kan mú." Kúbúrá ṣe é. Ó ṣe ti èkejì, èémí rẹ̀ sì sókè. Ó jókòó sí ẹ̀kẹta, kò le dìde. Ó mi ara rẹ̀ síwájú, ó mi í sẹ́yìn, ó tún mi í síwájú. Níkẹyìn ó na ọwọ́ mú òpó. Àwọn wẹ́dà méjì tó ń wò ó yára yí ojú wọn sí ibòmíràn, èyí sì dùn ún ju kí wọ́n fi í rẹ́rìn-ín lọ.

Ambrose ju èèpo ẹ̀pà nù. "Àpótí kejì ni ọ́."

"Ṣé ẹ kò ní wọn ìbàdí mi ni, sà?"

"N kò ní téèpù."

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ bóyá mò ń rù?"

"Rù tàbí kí o má rù, ìyẹn ò kàn mí. Ilẹ̀ ni mò ń wọ̀n. Bí o bá ti dìde lórí ẹ̀kẹfà, ilẹ̀ ló kù. Yóò tó oṣù kan fún àpótí kọ̀ọ̀kan, bí o bá ń wá lójoojúmọ́."

Ó kà á lórí ìka: ẹ̀kẹta, ẹ̀kẹrin, ìkarùn-ún, ẹ̀kẹfà. Oṣù mẹ́rin. Ààwẹ̀ ku oṣù mẹ́rin àti ọ̀sẹ̀ kan. Ó tó. Ó mọ̀ lọ́jọ́ náà pé ó tó, kò sì ní lè sọ lẹ́yìn ọ̀la pé òun kò mọ̀. Ṣùgbọ́n inú ti bí i. Ó ní òun yóò padà wá, ó sì ní in lọ́kàn pé òun kò ní padà.

Ibi kẹta wà lójú ọ̀nà Ìkàrẹ́, lókè ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan. Ilé Agbára ni wọ́n kọ sára ògiri. Àtẹ̀gùn mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni ènìyàn yóò gùn kó tó débẹ̀. Ẹni tó kọ́ ibẹ̀ kò ro ti ẹni tí orúnkún ń dùn. Dígí wà lára ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́, orin ń dún tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn kò gbọ́ èémí ara rẹ̀. Ṣèyíọlá, ọmọ Fúnmiọlá ti sẹkitéríàtì, ni kóòṣì ibẹ̀. Ó sáré pàdé Kúbúrá lẹ́nu ọ̀nà.

"Mọ́mì! Ẹ wo bí ẹ ṣe ń dán! Ta ló ní ara yín kò le?"

Ó gbé àga fún un, ó gbé omi tútù fún un. Ó ní àsìkò àwọn obìnrin wà lọ́tọ̀, aago méjì sí mẹ́rin ọ̀sán. Ó fẹ́ kí ó bọ́ híjáàbù rẹ̀ sílẹ̀ kí òun lè wọ̀n ọ́n. Kúbúrá kọ̀. Ṣèyíọlá ní kò burú, ó yí téèpù ká a lórí aṣọ, ó ké jáde pé, "Méjìdínláàádọ́ta! Mọ́mì, ẹ fún mi ní oṣù kan péré, màá yọ mẹ́rin kúrò níbẹ̀." Kúbúrá rẹ́rìn-ín. Ó sanwó rẹ̀ níbẹ̀.

Ó yẹ kí a mọ bí wọ́n ṣe ń wọn ènìyàn ní ṣọ́ọ̀bù Kúbúrá kí ohun tó ṣe yìí tó lè yé wa. Òun ni ó ń fa téèpù. Zulaihat àbúrò rẹ̀, opó tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ni ó ń kọ ọ́ sínú ìwé. Bí téèpù bá sọ mẹ́rìnlélógójì, ogójì ni Kúbúrá ń ké jáde. Zulaihat á fi mẹ́rin kún un, á kọ mẹ́rìnlélógójì. Aṣọ á bá oníbàárà mu rẹ́gí, oníbàárà á sì máa lọ sílé pẹ̀lú ìdùnnú pé òun kò tíì sanra tó bí òun ṣe rò. Ó ti di ọdún mẹ́tàlá tí wọ́n ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Kò sí oníbàárà tó bínú sí nọ́ńbà kékeré rí. Kúbúrá kì í pè é ní irọ́. Ọ̀yàyà ni ó ń pè é.

Nítorí náà, nínú ibi mẹ́ta, ó yan èyí tó bá a sọ̀rọ̀ bí òun náà ṣe ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Aránṣọ ni. Ó yẹ kí ó dá òwú ara rẹ̀ mọ̀.

Fún oṣù kan gbáko, ó ń di irin àtẹ̀gùn mú gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Ṣèyíọlá á gbé e sórí kẹ̀kẹ́ tí kì í lọ ibì kan, á dín agbára rẹ̀ kù títí tí fífi ẹsẹ̀ yí i kò fi ní le ju fífi ọwọ́ lu ẹ̀fọn lọ. Kúbúrá àti àwọn obìnrin yòókù á máa sọ̀rọ̀ ọjà. Ṣèyíọlá á máa pariwo pé, "Mọ́mì, ẹ ń gbìyànjú! Mọ́mì, ẹ ti ń di ọmọge!" Bí wọ́n bá ṣe tán, wọn á ya fọ́tò níwájú dígí.

Nígbà tí oṣù pé, ó kó gbogbo wọn jọ. Ó yí téèpù ká Kúbúrá, ó fà á, ó wò ó, ó fò sókè. "Mẹ́rìnlélógójì! Íǹṣì mẹ́rin ti lọ!" Àwọn obìnrin pàtẹ́wọ́. Ẹnìkan ń fi fóònù ká a sílẹ̀. Kúbúrá, tó ti fi téèpù yí ìbàdí tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ká láyé rẹ̀, kò tẹ orí ba kí ó wo nọ́ńbà náà. Ó ń wo fóònù.

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, fídíò náà ti yí Ọ̀wọ̀ po. Àwọn oníbàárà ń wá kí i. Ràhmát tó ń ta ìborùn ní ìsọ̀ kejì sí tirẹ̀ lọ forúkọ sílẹ̀ ní Ilé Agbára nítorí rẹ̀, ọ̀rẹ́ Ràhmát kan sì tẹ̀lé e.

Ó bọ́ sí ọjọ́ tí wọ́n ń sọ ọmọ lórúkọ nínú ẹbí Yahya. Kúbúrá yọ gáùn tó fi ṣọdún Iléyá jáde, gáùn tí síìpù rẹ̀ kò kọjá àárín ẹ̀yìn mọ́ láti ìgbà náà. Ó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó wọ̀ ọ́ lẹ́yìn aṣọ ìkélé. Zulaihat fa síìpù náà sókè. Ó dúró ní ibi tó ti ń dúró tẹ́lẹ̀. Ó tún fà á. Síìpù kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ọ̀yàyà.

"Mú téèpù," ni Kúbúrá wí. "Wọ̀n mí. Lábẹ́ aṣọ."

Zulaihat bọ́ gáùn náà sísàlẹ̀, ó yí téèpù ká a lórí awọ ara. Ó ní, "Mẹ́tàlélógójì."

Inú Kúbúrá dùn. Ó dùn fún ìwọ̀n ìgbà tí ènìyàn fi ń mí sínú lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà ó rí ọwọ́ àbúrò rẹ̀ lórí ìwé. Mẹ́tàdínláàádọ́ta ni ọwọ́ náà ń kọ.

"Zulaihat."

"Àǹtí."

"Mélòó lo pè?"

Zulaihat wo ìwé, ó wo téèpù, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. "Ẹnu mi ló pè é, Àǹtí. Ó ti mọ́ ẹnu."

"Ṣé oníbàárà rẹ ni mí?"

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi," ni Zulaihat wí. Kò fi ìbínú sọ ọ́, kò sì fi ẹ̀bẹ̀ sọ ọ́.

Kúbúrá jókòó tòun ti gáùn tó ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn. Mẹ́rin tí òun ń yọ kúrò lára àwọn oníbàárà ni Ṣèyíọlá náà yọ kúrò lára òun. Kò tilẹ̀ fi ìdá kan dín in.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì ó tún gun àtẹ̀gùn mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n náà. Ó ní kí Ṣèyíọlá dín orin kù.

"Ṣèyíọlá, lọ́jọ́ tí o wọ̀n mí kẹ́yìn, kí ni téèpù sọ?"

"Mẹ́rìnlélógójì, Mọ́mì."

"N kò bi ọ́ léèrè ohun tí o pè. Kí ni téèpù sọ?"

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí i pé Kúbúrá kò rẹ́rìn-ín, ó sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Mọ́mì, ẹ má bínú. Mọ́mì mi ní ẹ sọ fún òun pé ogójì ni òun. Èmi fi téèpù yí gáùn tí ẹ rán fún wọn ká. Mẹ́rìnlélógójì ni. Ṣé mo wá bá yín jà? Inú wọn dùn. Inú tiyín náà dùn."

"Èmi ń kọ òótọ́ sínú ìwé. Níbo lo kọ tèmi sí?"

Kò ní ìwé. Kúbúrá gbà pé òun ti borí rẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ènìyàn lè fi yangàn nínú pé òun ń parọ́ létòlétò. Ó ní kí ó pa fídíò náà rẹ́. Ṣèyíọlá ní òun yóò pa á rẹ́. Títí di òní, ó wà níbẹ̀.

Ó lọ bá Ràhmát ní ìsọ̀, ó sọ ọ́ fún un bó ṣe jẹ́. Ràhmát gbọ́ ọ dé ìdí. Ó ká ìborùn kan, ó tún un ká. "Ìyá Tahir, nígbà tí ẹ̀yin ti rù tán, ẹ kò fẹ́ kí àwa náà rù. Ó dáa bẹ́ẹ̀." Kúbúrá kò bá a jiyàn. Òun náà ni wọ́n pàtẹ́wọ́ fún nínú fóònù.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, ó gba ọ̀nà Ùsò. Ambrose wà lórí ìjókòó rẹ̀. Ẹ̀pà náà ni ó ń pa.

"Ìyàwó, o dé."

"Mo dé, sà."

"Àwọn wẹ́dà fi ọ́ hàn mí nínú fóònù wọn. Wọ́n ní o ti fi íǹṣì mẹ́rin sílẹ̀."

"Irọ́ ni, sà."

"Mo mọ̀. Jókòó sí ẹ̀kẹta."

Ó jókòó. Kò le dìde. Ó mú òpó.

"Àpótí kejì," ni Ambrose wí.

"Ṣé kò tíì kúrò níbẹ̀ rárá, sà?"

"Ta ló gbé e tí yóò fi kúrò?"

Kúbúrá ka oṣù lórí ìka. Àpótí mẹ́rin, oṣù mẹ́rin. Ààwẹ̀ ku oṣù mẹ́ta àti ọjọ́ díẹ̀. Ìṣirò náà kò pé mọ́. Oṣù kan tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti lọ sórí kẹ̀kẹ́ tí kì í lọ ibì kan.

Láti ọjọ́ náà, àárọ̀ tí Ọlọ́run bá dá ni ó ń wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà kó tó lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀. Iṣẹ́ náà kò ní ọnà kankan nínú. Ó ń jókòó, ó ń dìde, lẹ́ẹ̀mẹwàá. Ó ń sinmi. Lẹ́ẹ̀mẹwàá mìíràn. Lẹ́yìn náà agolo mílíìkì kan ní ọwọ́ kọ̀ọ̀kan, lẹ́ẹ̀mẹwàá. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè nípa híjáàbù. Kò sẹ́ni tó yìn ín. Ìgbà kan ṣoṣo tí Ambrose ń sọ̀rọ̀ ni ìgbà tí ó bá rẹ̀ ẹ́ tó sì ju ara rẹ̀ sílẹ̀ sórí àpótí.

"O jábọ́ ni. Ẹni tó jábọ́ kò jókòó. Èyí kò sí nínú iye."

"Ẹ̀kẹjọ ni, sà!"

"Èje ni."

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, itan rẹ̀ ń gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ẹ̀yìn sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ilé. Yahya wò ó, ó ní bóyá kí ó padà sí ti àwọn onídígí, níbi tí wọ́n ti ń pàtẹ́wọ́. Ilẹ̀ mọ́, ó tún gba ọ̀nà Ùsò. Ní ìparí oṣù Kejìlá, ó dìde lórí ẹ̀kẹta láì mú òpó. Ambrose fi ẹsẹ̀ ti ẹ̀kẹrin síwájú rẹ̀. Ìyẹn nìkan ni oríire tí ó kí i. Nínú oṣù Kìíní, Yahya ṣàkíyèsí pé aya òun kì í na ọwọ́ sí òun mọ́ kó tó dìde lórí ibùsùn.

Kó má baà dà bí ẹni pé gbogbo nǹkan ti yí padà: ní ṣọ́ọ̀bù, kò sí ohun tó yí padà. Láti ọjọ́ gáùn náà ni Kúbúrá ti ń sọ fún Zulaihat pé àwọn yóò jáwọ́ nínú ọ̀rọ̀ yíyọ mẹ́rin. Oníbàárà á wọlé, Kúbúrá á fa téèpù, á wo ojú oníbàárà, ẹnu á sì yọ mẹ́rin kúrò. Zulaihat á fi mẹ́rin kún un, láì gbójú sókè.

Lọ́jọ́ tí ààwẹ̀ wọlé, àpótí karùn-ún ni Kúbúrá wà. Ó ku ọ̀kan. Ó gbìyànjú rẹ̀ nílé kó tó lọ sí mọ́sálásí: ó sọ̀kalẹ̀ dé ilẹ̀, ṣùgbọ́n Yahya ló fà á dìde. Ìrun tí ẹlòmíràn ń fa ènìyàn dìde nínú rẹ̀ kì í ṣe ìrun. Ó gbé àga rọ́bà kan ní ẹ̀yìn, ó jókòó ti àwọn arúgbó. Ọ̀kan nínú wọn rọra sún fún un. "Káàbọ̀, ọmọ mi. A rò pé o ti fi wá sílẹ̀." Ọjọ́ kìíní, ọjọ́ kejì, ọjọ́ kẹwàá, orí rẹ̀ ń tẹ̀ sílẹ̀ nínú afẹ́fẹ́. Kò sunkún, kò sì bẹ Ọlọ́run pé kí ó yá. Ó mọ ẹni tó jẹ oṣù náà.

Ambrose ní kí ó dín agolo kù nítorí ààwẹ̀. Ó kọ̀. Ambrose ní, "Èmi ni mo ni ibí," ó sì gba agolo lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ Ajé tó ṣáájú ọjọ́ kejìlélógún, ó jókòó sórí àpótí kẹfà, èyí tí kò ga ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ó sì dìde. Ambrose ní kí ó tún un ṣe. Ó tún un ṣe. Ambrose gbé àpótí náà, ó dà á dé sórí àwọn yòókù. "Àpótí tán," ni ó wí, ó sì padà sídìí ẹ̀pà rẹ̀.

Ọjọ́ kejìlélógún ààwẹ̀ ni Fúnmiọlá wá sí ṣọ́ọ̀bù. Síkẹ́ẹ̀tì tó ti rán sílẹ̀ ni ó wá gbà, ó sì mú aṣọ mìíràn tí yóò fi ṣe Àjíǹde dání. Ó wọ síkẹ́ẹ̀tì náà. Ó gùn jù.

"Ìyá Tahir, bó bá jẹ́ tábìlì yẹn ni, mo ti sọ tẹnu mi."

Abẹ́rẹ́ mẹ́rin ti wà lẹ́nu Kúbúrá. Ó kúnlẹ̀. Kò rò ó. Ọwọ́ rẹ̀ ti ń wá ìṣẹ́tí kí orúnkún tó kan ilẹ̀. Ó ń fi orúnkún rìn yí Fúnmiọlá ká, ó ń ká aṣọ sókè, ó ń gún abẹ́rẹ́, ó ń tún un gún. Sísọ́ọ̀sì Zulaihat dákẹ́ lórí tábìlì. Nígbà tí Kúbúrá yí i ká tán, ó gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, ó dìde. Kò di nǹkan kan mú. Òun àti Zulaihat wo ara wọn.

Ó mú téèpù, ó yí i ká Fúnmiọlá fún aṣọ Àjíǹde. Ó wo ojú téèpù. "Mẹ́rìnlélógójì," ni ó wí.

"Mélòó?"

"Mẹ́rìnlélógójì, mà."

"Ìyá Tahir, ẹ tún un wọ̀n. Ogójì ni mí."

"Ẹ kò jẹ́ ogójì rí, mà. Èmi ni mo ń pè é bẹ́ẹ̀."

 Fúnmiọlá ní bóyá ebi ààwẹ̀ ló ń pa á lójú. Kúbúrá fi téèpù hàn án. Obìnrin náà bọ́ síkẹ́ẹ̀tì, ó ká aṣọ Àjíǹde rẹ̀ padà sínú ọ̀rá, ó ní òun yóò ránṣẹ́. Kò ránṣẹ́.

Zulaihat kọ nọ́ńbà náà sínú ìwé bí ó ṣe gbọ́ ọ. Lẹ́yìn tí ó kọ ọ́ tán, ó ní, "Àǹtí, báwo ni a ṣe fẹ́ jẹun báyìí?"

"Ààwẹ̀ ni a ń gbà," ni Kúbúrá wí. Zulaihat rẹ́rìn-ín, òun kò rẹ́rìn-ín.

Wọ́n pe ìrun Àlàásárì. Ní mọ́sálásí, àga rọ́bà rẹ̀ wà ní ibi tó ti máa ń wà. Ó kọjá lára rẹ̀, ó lọ dúró nínú ìlà láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn arúgbó náà fi ọ̀pá rẹ̀ kan án lẹ́yìn. "Ọmọ mi, àga rẹ nìyí."

"Ẹ fún ẹlòmíràn, Ìyá."

Ó forí kanlẹ̀. Ẹní náà ń rùn eruku, ó sì le níwájú orí. Ó dìde fúnra rẹ̀ ní ràkáà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ààwẹ̀ ku ọjọ́ mẹ́jọ.